Ṣòkòtò wúrà kékeré: ohun tó wà láàárín Michigan àti Ohio State

Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Columbus, olú ìlú ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ikọ̀ bọ́ọ̀lù yunifásítì Michigan gbé àsíá ilé ìwé wọn wọ àárín pápá àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na yunifásítì Ohio State ní 13 sí 10 ni, wọ́n sì fẹ́ ri ọ̀pá àsíá náà mọ́ orí àmì Ohio State tí wọ́n kùn sí àárín pápá, bí ìgbà tí èèyàn bá ri òpó ààlà mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀. Jack Sawyer, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ikọ̀ Ohio State, kó wọ àárín wọn, ó já àsíá náà kúrò lára ọ̀pá. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ti ń fò. Àwọn ọlọ́pàá fín ata sí wọn, àwọn géńdé tó síngbọnlẹ̀ sì ń fi ọwọ́ bojú, omi ń dà lójú wọn pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Big Ten, ìyẹn líìgì tí yunifásítì méjèèjì wà, bu owó ìtanràn $100,000 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Kí ọdún tó parí, aṣòfin kan nílé ìgbìmọ̀ Ohio ti gbé àbá òfin jáde pé ẹni tó bá ri àsíá mọ́ àárín pápá Ohio State, ọ̀daràn ni, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì tó ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ gíga. Bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la ń sọ yìí o.

Ọmọ Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Columbus láti wá kàwé tàbí láti wá ṣiṣẹ́ yóò kọ́kọ́ rò pé nǹkan ń ṣe àwọn èèyàn náà. Bí ọ̀sẹ̀ ìpàdé wọn pẹ̀lú Michigan bá ti dé, wọ́n á fi téèpù pupa fa àgbélébùú lé gbogbo lẹ́tà M tó wà nínú ọgbà yunifásítì lórí. Ìbáà jẹ́ lára pátákó, ìbáà jẹ́ lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, M kankan kò ní rójú. Orúkọ Michigan gan-an, ọ̀pọ̀ wọn kì í pè é. “Ẹgbẹ́ òkè lọ́hùn-ún” ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pé Michigan ló wà lápá àríwá. Ẹni tó bá dàgbà nínú agboolé olórogún mọ ohun tí mò ń wí: ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan ni kì í nira láti dárúkọ.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tiwọn rí gbọọrọ bíi kókó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Èèyàn mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá. Wọ́n ń gbé e sáré, wọ́n ń jù ú síra wọn, àwọn tó kojú wọn sì ń gbé wọn ṣánlẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ní láti fi sún bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, bí agbára wọn kò bá sì gbé e, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Ẹni tó bá gbé e dé òpin pápá gba àmì mẹ́fà, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gbá a kọjá láàárín òpó méjèèjì gba mẹ́ta. Ẹni tó ń darí gbogbo rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní quarterback, orí rẹ̀ sì ni ìyìn àti èébú máa ń dà sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “yunifásítì” tàn yín. Pápá Michigan ní ìlú Ann Arbor, tí wọ́n kọ́ ní 1927, ń gba èèyàn 107,601. Ti Ohio State, tí wọ́n ṣí ní 1922, ń gba 102,780. Kò sí pápá kankan nínú líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, NFL, tí ìjókòó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti pápá kan sí èkejì, bíi wákàtí mẹ́ta ni nínú mọ́tò.

Ojú ọ̀nà yẹn ni ìlú Toledo wà, ibẹ̀ sì ni àwọn òpìtàn bọ́ọ̀lù fẹ́ràn láti ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1787, nígbà tí Amẹ́ríkà ń pín ilẹ̀ agbègbè náà, wọ́n ní kí ààlà gba ìsàlẹ̀ pátápátá adágún Michigan lọ tààrà sí ìlà oòrùn. Máàpù tí wọ́n gbójú lé ló ṣì wọ́n lọ́nà, ó gbé ìsàlẹ̀ adágún náà sókè ju ibi tó wà lọ. Bí Ohio ṣe ń fa ìlà náà, Toledo àti ẹnu odò Maumee bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Bí Michigan ṣe ń fà á, tirẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà méjèèjì tó bíi 468 máìlì níbùú lóòró, èbúté sì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ní 1835, Stevens T. Mason, ọmọ ọdún 23 tó ń ṣe gómìnà ní Michigan, kó àwọn ọmọ ogun jọ. Robert Lucas ti Ohio náà kó tirẹ̀ jọ. Wọ́n halẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n mú àwọn èèyàn ara wọn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló fara gbọgbẹ́ gidi. Igbákejì ṣẹ́ríìfù kan láti Michigan ni, Joseph Wood. Ẹni tó fi ọ̀bẹ kékeré gún un ń jẹ́ Two Stickney. Bàbá rẹ̀ ló sọ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní One àti Two, ìyẹn Ení àti Èjì. Ara Wood yá. Ìjọba àpapọ̀ wá dá ẹjọ́ náà báyìí: bí Michigan bá fẹ́ di ìpínlẹ̀, kó yọ̀ǹda Toledo fún Ohio, kó sì gba ilẹ̀ igbó ńlá kan lápá àríwá dípò rẹ̀. Michigan fi ìbínú gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di ìpínlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1837. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá rí bàbà àti irin nínú ilẹ̀ igbó yẹn, ọ̀pọ̀ yanturu.

Ìtàn tó dùn ni, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé òun ló bí ìjà bọ́ọ̀lù yìí. Ọgọ́ta ọdún ó lé ni ó wà láàárín ogun Toledo àti ìgbà tí yunifásítì méjèèjì kọ́kọ́ pàdé lórí pápá, ní 1897, tí Michigan na Ohio State ní 34 sí 0. Ẹni tó ń na èèyàn lójoojúmọ́ kì í sì kà á sí ọ̀tá. Láti 1897 títí di 1918, Ohio State kò borí Michigan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún 1919 ni wọ́n tó rí i ṣe, 13 sí 3. Ní àsìkò yẹn, Ohio State ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn, Michigan kò bìkítà.

Ní 1934, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun kan dé sí Ohio State, Francis Schmidt. Àwọn oníròyìn bi í bó ṣe fẹ́ ṣe Michigan. Ó ní àwọn náà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n ń ki bọ ṣòkòtò, bíi ti gbogbo ọmọ aráyé. Ikọ̀ rẹ̀ na Michigan ní ọdún yẹn ní 34 sí 0, iye kan náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtìjú wọn ní 1897. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà alátìlẹ́yìn kan ní Columbus ti ń ṣe ṣòkòtò kékeré aláwọ̀ wúrà, tí kò ju ohun tí èèyàn lè so mọ́ ṣéènì ọrùn lọ, wọ́n á sì fi fún gbogbo ọmọ ikọ̀ Ohio State ní ọdún tí wọ́n bá borí Michigan. Ọdún tí wọn kò bá borí, kò sí ṣòkòtò. Ẹ fi ṣòkòtò yìí sọ́kàn.

Láti 1935 ni wọ́n ti fi ìpàdé náà sí ìparí sáà, ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òtútù ti ń mú. Ohun tí òtútù yẹn lè ṣe hàn ní 1950. Yìnyín bo Columbus mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fùù, ìlà ojú pápá kò hàn mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ìgbálẹ̀ wá ibi tí ó wà. Nǹkan bíi 50,000 èèyàn ṣì jókòó síbẹ̀. Àwọn eléré méjèèjì tètè mọ̀ pé ewu ni bọ́ọ̀lù jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un, ó lè bọ́ nígbàkigbà. Nítorí náà, wọ́n á gba bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gbá a lọ sọ́dọ̀ ẹnìkejì, kí ẹnìkejì ṣe àṣìṣe. Chuck Ortmann ti Michigan nìkan gbá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà 24. Michigan kò sún bọ́ọ̀lù dé yáàdì mẹ́wàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní gbogbo ọjọ́ yẹn, kò sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí ẹnìkejì wọn rí mú, síbẹ̀ àwọn ló borí, 9 sí 3, nítorí pé wọ́n dínà bọ́ọ̀lù tí Ohio State fẹ́ gbá lọ nígbà méjì, wọ́n sì gba gbogbo àmì wọn níbẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State, Wes Fesler, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni Woody Hayes.

Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀tá ti bẹ̀rẹ̀. Hayes lo ọdún 28 ní Ohio State, kò sì fi ìkórìíra rẹ̀ sí Michigan bò. Wọ́n ń sọ ọ́ di òní pé ó ti fẹ́ jẹ́ kí epo tán nínú mọ́tò òun lójú ọ̀nà ju kó ra epo ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ. Ní 1968 ó nà wọ́n ní 50 sí 14, tí ó sì tún gbìyànjú láti gba àmì méjì kún un nígbà tí ọ̀kan ti tó. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó dáhùn pé òfin kò gba òun láyè láti gba mẹ́ta ni.

Ọdún kejì, Michigan gba akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó ń jẹ́ Bo Schembechler. Ọmọ Ohio ni, Barberton ni wọ́n ti bí i. Abẹ́ Hayes ló ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà tó wà ní yunifásítì, abẹ́ Hayes náà ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ní Ohio State. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ọmọ tí a tọ́ nínú ilé, tó mọ ibi tí ọ̀gá ń gbé kọ́kọ́rọ́ sí, ló lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ̀tá. Ohio State ti borí nígbà 22 léraléra kí wọ́n tó dé Ann Arbor ní 1969. Bo nà wọ́n, 24 sí 12. Ọdún mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn ni wọ́n ń pè ní Ogun Ọdún Mẹ́wàá. Bo borí ní márùn-ún, Hayes ní mẹ́rin, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí ẹlòmíì tó dá gba ife Big Ten, àwọn méjèèjì ló ń gbà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ọ̀mì kan ṣoṣo yẹn, ti 1973, dun àwọn ará Michigan títí di òní. Ikọ̀ méjèèjì kò tíì fìdí rẹmi ní sáà náà. 10 sí 10 ni wọ́n parí rẹ̀ ní Ann Arbor. Nígbà yẹn, ẹyọ ikọ̀ kan péré ni Big Ten ń jẹ́ kó lọ sí eré ìparí ọdún, èyí tí wọ́n ń ṣe ní California. Àwọn ọ̀gá eré ìdárayá yunifásítì Big Ten bá dìbò, wọ́n sì yan Ohio State. Ikọ̀ Michigan tí ẹnikẹ́ni kò nà padà sílé lọ jókòó. Bo kò dárí ji àwọn tó dìbò náà. Mo ti rí àgbà tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìbò náà bí ẹni ń sọ ogún bàbá rẹ̀ tí ẹlòmíì jẹ, tí ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Hayes fi ìtìjú lọ. Níparí ọdún 1978, ó gbá ọmọ ikọ̀ Clemson kan ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́bàá pápá, wọ́n sì lé e. Bo kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2006. Ọjọ́ kejì ni Ohio State tó wà ní ipò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà gba Michigan tó wà ní ipò kejì lálejò. Ohio State borí, 42 sí 39.

Ohun kan tí àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti òde kì í tètè rí ni pé àwọn èèyàn méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá. Desmond Howard àti Charles Woodson, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Heisman tó ga jù lọ fún eléré yunifásítì ní 1991 àti 1997, Michigan ni wọ́n gbà á fún, ọmọ Ohio sì ni àwọn méjèèjì. Ohio kò gbàgbé, Michigan náà kò sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Ìgbà ń yí. John Cooper ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State fún ọdún mẹ́tàlá, ó ń borí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ìgbà méjì péré ló borí Michigan, ìdí sì nìyẹn tí kò fi rẹ́ni gbèjà rẹ̀ nígbà tí wọ́n lé e. Jim Tressel tó rọ́pò rẹ̀ ní 2001 yí i padà, Michigan wá di ẹni ànàìmọye. Àmọ́ ìṣẹ́gun rẹ̀ ti 2010, wọ́n pa á rẹ́ kúrò nínú ìwé. Àwọn ọmọ ikọ̀ kan ló ń kó àwọn ohun iyì tí wọ́n gbà fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ìfínra, tó ń fún wọn lówó tàbí kó fín ara fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣòkòtò wúrà wà lára ohun tí wọ́n kó fún un. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ fi bọ́ọ̀lù rí kọ́bọ̀. Tressel mọ̀, kò sọ, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2011. Lóde òní, ó ti di igbákejì gómìnà Ohio. Mo máa ń ronú nípa àwọn ọmọ yẹn. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gba orúkọ burúkú nígbà náà kò tó ìpín ìdá ọgọ́rùn-ún ohun tí irú wọn ń gbà lónìí ní gbangba.

Láti 2012 dé 2019, Ohio State borí nígbà mẹ́jọ léraléra. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n pàdé ní 2020, ìyẹn sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti 1917 tí ọdún kan kọjá láìsí ìpàdé wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 2021, Michigan ti yí padà lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Jim Harbaugh. Wọ́n borí ní 42 sí 27. Lára àwọn tó gbo quarterback Ohio State mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà ni David Ojabo, ọmọ tí wọ́n bí ní Port Harcourt, tó dàgbà ní Scotland, tí kò tilẹ̀ gbá irú bọ́ọ̀lù yẹn rí kó tó lọ kàwé girama ní Amẹ́ríkà. Michigan tún borí ní 2022, ní 2023, ní 2024.

Àárín àwọn ìṣẹ́gun yẹn ni ẹjọ́ àmì jíjí ti bẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè wọ pápá lọ sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe, nítorí náà àwọn tó wà lẹ́bàá pápá á máa fi ọwọ́ àti pátákó ṣe àmì. Bí o bá lè ka àmì ẹnìkejì lójú pápá lọ́jọ́ náà, kò sí òfin tó ní kí o má ṣe é. Ohun tí òfin kọ̀, láti 1994, ni kí o rán èèyàn lọ sí eré àwọn tí o máa bá pàdé lọ́jọ́ iwájú láti lọ ṣọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ Michigan kan, Connor Stalions, ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì eré àwọn ẹlòmíì, tí àwọn èèyàn sì ń bá a fi fóònù ya àmì wọn. Nígbà tó tú síta ní oṣù kẹwàá 2023, Big Ten ní kí Harbaugh má ṣe dúró lẹ́bàá pápá fún eré mẹ́ta tó kẹ́yìn sáà, ìpàdé pẹ̀lú Ohio State sì wà nínú rẹ̀. Sherrone Moore, igbákejì rẹ̀, ló dúró. Michigan borí, 30 sí 24, wọ́n sì gba ife gbogbo Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 2024. Ìdájọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré yunifásítì, jáde ní oṣù kẹjọ 2025. Wọn kò gba ife náà lọ́wọ́ Michigan, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n bù lé wọn, àwọn oníròyìn ṣírò rẹ̀ pé yóò lé ní ogún mílíọ̀nù dọ́là.

Bí o bá bi ará Ohio, olè ni Michigan, ó parí. Bí o bá bi ará Michigan, á ní Stalions ti lọ, Harbaugh kò sí lẹ́bàá pápá, àwọn ṣì borí, lẹ́yìn ìyẹn àwọn tún borí ní 2024. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ náà wúwo, nítorí ohun tí wọ́n jí kì í ṣe àmì nìkan, wọ́n jí ìdánilójú ẹni tó bá wọn díje. Síbẹ̀ òótọ́ ni pé kò sí àmì kankan tó gbé Michigan borí ní Columbus ní 2024. Ohio State ni gbogbo ayé ti kà sí olúborí lọ́jọ́ náà. Michigan ti fìdí rẹmi nígbà márùn-ún ní sáà yẹn. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Ohio State tàsé nígbà méjì, Dominic Zvada ti Michigan kò tàsé nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 45.

Ohun tó wá tẹ̀ lé e ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ọjọ́ òní. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá pàdánù ìpàdé yìí, sáà rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní 2024, wọ́n fẹ ìdíje ife gbogbo Amẹ́ríkà láti ikọ̀ mẹ́rin sí méjìlá. Ohio State tí Michigan nà wọlé síbẹ̀. Wọ́n na Tennessee, wọ́n na Oregon tí kò tíì fìdí rẹmi, wọ́n na Texas, wọ́n sì na Notre Dame ní 34 sí 23 ní ogúnjọ́ oṣù kìíní 2025. Wọ́n gba ife. Àwọn kan wá ń bèèrè pé bí èèyàn bá lè pàdánù ìpàdé Michigan kó sì gba ife, kí ni ìpàdé náà tún jẹ mọ́?

Ọdún tó tẹ̀ lé e yí ìbéèrè náà sódì. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá 2025, nínú yìnyín ní Ann Arbor, Ohio State borí, 27 sí 9. Ọ̀sẹ̀ kejì, Indiana nà wọ́n ní 13 sí 10 nínú àṣekágbá Big Ten. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, Miami lé wọn jáde nínú ìdíje ife, 24 sí 14. Ọdún kan, wọ́n pàdánù Michigan, wọ́n gba ife. Ọdún kejì, wọ́n borí Michigan, ife lọ. Ẹ lọ bi ará Columbus èwo ló wù ú jù nínú méjèèjì, ẹ ó rí i pé yóò kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Dídákẹ́ yẹn ló fi hàn mí pé ìpàdé náà kò tíì kú.

Owó ni mo ń bẹ̀rù jù. Láti oṣù keje 2021 ni òfin ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gbowó. Ọ̀gá eré ìdárayá Ohio State fúnra rẹ̀ sọ pé ikọ̀ 2024 náà wọn nǹkan bíi ogún mílíọ̀nù dọ́là. Láti 2025, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kan, yunifásítì gan-an lè san owó fún àwọn eléré, tó bíi $20.5 million lọ́dún. Michigan náà nawọ́ owó gọbọi láti mú Bryce Underwood, quarterback ọmọ ìpínlẹ̀ wọn, kúrò lọ́wọ́ yunifásítì LSU tó ti ṣèlérí fún. Èmi kò bá wọn jiyàn pé kí àwọn ọmọ náà gbowó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn mìíràn fi ń jẹ lórí òógùn wọn. Àmọ́ eléré tó lè kó ẹrù lọ síbòmíì lọ́dọọdún, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó láti kọ́ ìkórìíra àtọwọ́dọ́wọ́ yìí? Kyle McCord tó jẹ́ quarterback Ohio State ní 2023 borí nínú eré mọ́kànlá, ó pàdánù ọ̀kan péré, ti Michigan. Kí oṣù kejìlá tó parí, ó ti gba yunifásítì Syracuse lọ. Ryan Day, akọ́nimọ̀ọ́gbá Ohio State, sọ kí ìpàdé 2024 tó wáyé pé yàtọ̀ sí ikú bàbá òun àti nǹkan díẹ̀ mìíràn, pípàdánù Michigan wà lára ohun tó burú jù tó ti ṣẹlẹ̀ sí òun láyé. Ìdílé rẹ̀ ló ń gbé láàárín àwọn èèyàn náà lójoojúmọ́.

Ewu kejì wà nínú kàlẹ́ńdà. Big Ten ti di ikọ̀ méjìdínlógún, ó na ọwọ́ dé etíkun California, wọ́n sì ti pa ìpín tó máa ń ya ikọ̀ sọ́tọ̀ rẹ́. Nítorí náà Michigan àti Ohio State lè pàdé ní Sátidé, kí wọ́n tún padà pàdé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e nínú àṣekágbá. Àwọn kan ti ń dá a lábàá pé kí wọ́n gbé ìpàdé náà síwájú nínú sáà. Mo lòdì sí i tọkàntọkàn. Òtútù oṣù kọkànlá, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving tí àwọn ọmọ ń padà wálé, gbogbo ẹbí tó pín sí méjì lórí tábìlì oúnjẹ kan, ìyẹn ni ìpàdé náà. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí oṣù kẹwàá, eré bọ́ọ̀lù kan ni yóò kù.

Ní 2026, Columbus ló kàn. Michigan ti lé Moore, tó rọ́pò Harbaugh, kúrò ní oṣù kejìlá 2025 nítorí ọ̀ràn tí kò kan bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti mú Kyle Whittingham wá láti Utah, àgbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò bá Ohio State ṣọ̀tá rí.

Emeka Egbuka, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wọ Ohio State ní 2021, pẹ̀lú Jack Sawyer tó já àsíá yẹn. Egbuka gba bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ìtàn yunifásítì náà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn lè ti lọ sí NFL ní 2024, wọ́n dúró nítorí Michigan. Wọ́n lọ ní 2025 pẹ̀lú òrùka ife gbogbo Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Michigan nà wọ́n. Ìgbà tí wọ́n ti lọ ni ṣòkòtò wúrà padà dé Columbus, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2019. Àwọn àbúrò wọn ló gbà á.